Òórùn Ẹja Lára Asẹ́ Pọ́ńpù

Ọjọ́ tí wọ́n sọ Ọláfúnkẹ́ lórúkọ, kò sí ẹni tó jẹun níbẹ̀ tí kò yin ẹja. Àjàgbé ló bímọ, Mùsítúrà ìyàwó rẹ̀ ló yan ẹja ọ̀hún, ẹja àrọ̀ tó gbẹ títí tó fi pọ́n, tí ọ̀rá sì ń yọ lára rẹ̀. Gbádébọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n Àjàgbé níbi iṣẹ́ jẹ ọ̀kan tán, ó tún nawọ́ sí òmíràn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wo òun lójú, òun ni òun mú bàbá ọmọ wọ iṣẹ́, ẹ̀tọ́ òun ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àjàgbé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun àti Mùsítúrà nìkan ló mọ ohun tí wọ́n fi yan ẹja náà.

Iṣẹ́ panápaná ni wọ́n ń ṣe. Ní àwọn ọdún yẹn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń hù láti Òkokomáíkò dé Ọjà Àlàbá bí ẹni pé wọ́n bá ara wọn díje. Ẹni tó bá kọ́ alájà méjì lónìí, aládùúgbò rẹ̀ á kọ́ alájà mẹ́ta lọ́la. Àwọn onílé yìí wá rí i pé garawa yanrìn tí àwọn gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà kò lè gun òkè pa iná, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ra ọkọ̀ panápaná tòkunbọ̀ kan, wọ́n sì gbé e sí ọgbà kan ní Igbó-Elérin. Wọ́n fi Ògúnlẹ́yẹ ṣe olórí, bàbá kan tó ti ṣe iṣẹ́ panápaná títí tó fi fẹ̀yìntì. Gbádébọ̀ àti Olúṣọlá ló ń di rọ́bà omi mú wọnú iná. Àjàgbé ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló sì ń dúró ti pọ́ńpù.

Ẹni tí kò dúró ti pọ́ńpù rí á máa rò pé kí omi ṣáà ti pọ̀ nínú táǹkì. Irọ́ ni. Omi tí kò lágbára kò ní kọjá àjà kejì. Ikùn pọ́ńpù ọkọ̀ yẹn pín sí méjì. Nínú èkíní, irin kan tó rí bíi fáànù ń yí, ó ń gba omi láti inú táǹkì, ó sì ń fi ipá jù ú síta. Ìyẹn tó fún rọ́bà aláṣọ ńlá tí wọ́n fi ń pa iná ilẹ̀. Bí ilé bá ga, wọ́n á ti ọ̀pá kan. Omi tí fáànù àkọ́kọ́ ti jù á wá gba inú àwọ̀n wẹ́wẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ fáànù kejì, èyí tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ tí eré rẹ̀ sì le, yóò tún un jù. Omi alágbára yìí ló ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ líle tó wé mọ́ àgbá lẹ́yìn ọkọ̀, tí àwọn ọmọkùnrin fi ń gun àtẹ̀gùn.

Àjà kọ̀ọ̀kan tí omi bá gùn ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Gígùn rọ́bà náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹni tó wà nídìí pọ́ńpù ló gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà, kó fi kún un nísàlẹ̀, kí èyí tó máa dé òkè lè fọ́ káàkiri bí ìrì kó sì mú ooru rọlẹ̀. Bó bá fún un jù, rọ́bà á gbé ẹni tó dì í mú lu ògiri. Bó bá dín in kù jù, iná á yíjú sí olúwarẹ̀. Ọwọ́ Àjàgbé ni ẹ̀mí Gbádébọ̀ máa ń wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́.

Ohun tí irú pọ́ńpù bẹ́ẹ̀ kórìíra jù ni yanrìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń de asẹ́ mọ́ ẹnu rọ́bà ńlá tí wọ́n fi ń fa omi láti inú odò tàbí kòtò. Asẹ́ yìí jẹ́ agbọ̀n irin tó gùn tó apá àgbà, ihò wà lára rẹ̀ yí ká. Inú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì wà lọ́wọ́ Àjàgbé.

Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la ni àwọ̀n irin tí Mùsítúrà fi ń yan ẹja já sínú iná. Ẹja wà nílẹ̀, àlejò láti Ṣágámù ti wà lójú ọ̀nà. Mùsítúrà ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, irin oníhò tí ẹ máa ń tì bọ omi yẹn ńkọ́? Ẹ bá mi mú un wá. Ẹja lásán ni, mo máa fọ̀ ọ́ tó bá yá."

Àjàgbé mú un wá. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja náà wọ inú asẹ́ rẹ́gí, bí ẹni pé ìdí tí òyìnbó fi ṣe é nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà níbẹ̀. Ọyẹ́ ti mú kànga gbẹ, ẹ̀rọ omi kò yọ. Ó ti di àṣà láàárín àwọn panápaná yìí láti máa bu omi nínú táǹkì ọkọ̀ lọ sílé tí ọ̀dá bá dé. Ògúnlẹ́yẹ máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, òfin kan ṣoṣo tó fi lélẹ̀ ni pé ẹni tó bá bu ún ló máa rọ ọ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjàgbé bu omi kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù ilé. Nígbà tó wá ku kó rọ omi padà, èrò ti pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní Ìyànà-Ìba, àwọn àna rẹ̀ sì ti wọlé. Ó bá wa ọkọ̀ lọ sí kòtò ńlá tí àwọn tó ń wa yanrìn fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìba, ó ju rọ́bà sínú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò sí asẹ́ lẹ́nu rọ́bà. Asẹ́ wà lórí iná, ẹja wà nínú rẹ̀.

Ó gbé ẹnu rọ́bà sókè kó má bàa kan ìsàlẹ̀. Ó gbé e títí tí apá fi ń ro ó, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tó fà á sókè padà, ó gbọ́ tí pọ́ńpù ń họ yanrìn. Ó ní kò burú, tí àlejò bá lọ tán, òun máa tú táǹkì òun máa fọ̀ ọ́.

Àlejò kò tíì lọ tán tí iná fi sọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ni wọ́n sáré wá pè wọ́n pé ilé alájà mẹ́rin kan ń jó nítòsí Ọjà Àlàbá. Ẹ̀rọ fídíò àti páálí ló kún òkè pátápátá, èéfín ń jáde lójú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin kan lókè.

Gbádébọ̀ àti Olúṣọlá gbé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gba àtẹ̀gùn lọ. Àjàgbé ti ọ̀pá, ó fún ẹ́ńjìnnì níná, ọwọ́ géèjì tó ń fi agbára omi hàn gòkè dúró síbi tó yẹ. Omi dé òkè. Láti ìsàlẹ̀, ó rí i tí èéfín dúdú ń di funfun lójú fèrèsé, ó sì mọ̀ pé Gbádébọ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ ń kọrin lábẹ́ ahọ́n.

Nígbà tí omi táǹkì lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ohùn pọ́ńpù yí padà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ ẹ̀wà tí wọn kò ṣà, tí òkúta wọ ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ géèjì gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀. Àjàgbé tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì pariwo, géèjì kò gbọ́. Kì í ṣe pé ó fura o, ó mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Yanrìn tó sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì ti dé inú àwọ̀n wẹ́wẹ́, ó ti dí i. Ó fa ọ̀pá padà sí fáànù àkọ́kọ́ bóyá díẹ̀ á gòkè, àmọ́ omi tó ń lọ kò lè gun ju àjà kejì lọ.

Lókè, Olúṣọlá ti rí obìnrin náà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń fà á bọ̀. Gbádébọ̀ ló dúró láàárín wọn àti iná, tó ń fi omi lé e sẹ́yìn. Nígbà tí omi dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sá. Ó dúró títí àwọn méjèèjì fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó wá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó jáde síta, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Àjàgbé wo ọwọ́ náà tí iná ti bó lẹ́ẹ̀kan, kò lè wò ó mọ́. Obìnrin yẹn yè, ilé jó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn lọ sí ọsibítù. Àjàgbé ní òun máa tọ́jú ọkọ̀ ná. Ó tú àwọ̀n wẹ́wẹ́ inú pọ́ńpù, yanrìn àti koríko jíjẹrà ló dì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ó fọ̀ ọ́. Ó tú táǹkì, ó ṣan gbogbo rẹ̀ títí omi tó ń jáde fi mọ́ tónítóní, ó nu irin, ó fi gíríìsì sí i. Kò tíì fi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fọ pọ́ńpù rí láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iná lè tún sọ nígbàkígbà, pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́. Òótọ́ ni. Ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà rọrùn fún un láti gbé mì nìyẹn.

Àṣé ẹ̀bi ló ń fọ̀ lé Gbádébọ̀ lọ́rùn. Ògúnlẹ́yẹ dé, ó yẹ pọ́ńpù wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Alhaji Gàníyù tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé wá béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa béèrè. "Tí pọ́ńpù bá wà ní gúùdù kọ́ńdíṣọ̀n, ta ló wá dá omi dúró? Ó dájú pé ẹ̀rù ba ọmọkùnrin yẹn, ó pa ẹnu rọ́bà dé, ó sá." Ẹni tó ni ilé tó jó ti ń sọ ọ́ káàkiri Ọ̀jọ́ pé ojo ni wọ́n gbà síṣẹ́. Olúṣọlá ní òun ò rí i nínú èéfín, òun ò lè búra. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Gbádébọ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ kò sì ní tọ́jú ọwọ́ ẹni tó sá.

Àjàgbé lọ wò ó ní ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀ ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Bí Gbádébọ̀ ṣe rí i, ó yí ẹnu kúrò lára ṣíbí.

"Báwo ni ọmọ mi?"

"Ó wà, Bọ̀dá Gbádé. Ó ń kí yín."

"Àjàgbé, ìwọ lo wà nísàlẹ̀. Má purọ́ fún mi. Ṣé prẹ́ṣọ̀ omi lọ sílẹ̀ ni, àbí ọwọ́ mi ló ti ẹnu rọ́bà pa? Mo ti rò ó rò ó. Èéfín wà lórí mi, mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Àjàgbé, kò ju gbólóhùn kan lọ. Bọ́lánlé ń wò ó, ṣíbí ògì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sinmi ná," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ara yín yá."

Gbádébọ̀ mi orí, ó tún la ẹnu fún ògì. Bí Àjàgbé ṣe ń jáde, ìtìjú bò ó débi pé kò lè kí àwọn tó kí i lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ń fẹ́ ni kí ẹnì kan gba ẹ̀bi kan kúrò lọ́rùn òun, ẹni tó ni ẹ̀bi náà sì ní kó sinmi.

Asẹ́ ṣì wà nílé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mùsítúrà ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn ha á, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, ṣùgbọ́n èédú ti wọ gbogbo ihò rẹ̀, òórùn ẹja kò sì lọ. Ní ọ̀sán, bí oòrùn bá mú, gbogbo yàrá á máa rùn bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

"Ẹ dá a padà," Mùsítúrà sọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú. "Bàbá Fúnkẹ́, mi ò lè sùn. Èmi ni mo ní kí ẹ mú un wá."

"Ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́ lo ní kí n fa omi láìsí i."

Nígbà tó yá, Ògúnlẹ́yẹ dá a lábàá pé kí wọ́n dán pọ́ńpù wò níwájú gbogbo èèyàn, ní iwájú ilé tó jó gan-an. Kí omi gun àjà kẹrin bó ṣe gùn ún lọ́jọ́ náà. Bó bá dé ibẹ̀, ẹjọ́ tán, Gbádébọ̀ ló jẹ̀bi. Bí kò bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ ló jẹ̀bi, wọ́n á tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ra omi mímọ́ kún táǹkì. Olúṣọlá gun òkè pẹ̀lú rọ́bà, Alhaji Gàníyù àti àwọn onílé jókòó sábẹ́ agboòrùn. Gbádébọ̀ náà dé, Bọ́lánlé dì í lápá mú, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì wà níwájú àyà rẹ̀. Kò jókòó. Ó wá dúró nítòsí pọ́ńpù, ó dẹtí sí i, ó mọ ohùn rẹ̀ dáadáa.

Àjàgbé ti ọ̀pá. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wo géèjì, òun nìkan ló ń wò ó. Ó wá rí i pé ọ̀nà kan wà tí kò gba ọ̀rọ̀ sísọ. Bí òun bá kàn dín iná ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀, omi kò ní dé òkè, wọ́n á ní ọkọ̀ ló bàjẹ́, Gbádébọ̀ á gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ nípa ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Ó dín in kù. Ọwọ́ géèjì sọ̀ kalẹ̀, omi ojú fèrèsé òkè rọ bí ìtọ̀ ọmọdé.

"Ẹ̀yin náà ẹ rí i," Alhaji Gàníyù sọ. "Páńdà ni wọ́n tà fún wa. Ẹ lọ pe àwọn onírin wá."

Gbádébọ̀ mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí Bọ́lánlé, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iná. Àjàgbé rí i. Ó tún rí obìnrin kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì tó ń sá aṣọ sójú oòrùn, tó dúró ń wo wọ́n. Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ yìí, tí ibẹ̀ yẹn bá gbiná lọ́la, garawa yanrìn ló kù. Irọ́ tó fẹ́ fi gba Gbádébọ̀ sílẹ̀ máa pa ẹlòmíràn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bo irọ́ kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òmíràn. Ó tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Omi bú jáde lójú fèrèsé àjà kẹrin, ó kọjá òrùlé, ó fọ́ ká. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Olúṣọlá na ọwọ́ síta pé ó ti tó. Pọ́ńpù ń dún dáadáa, kò sí ohun tó ń há a lọ́fun.

Gbádébọ̀ kò wo òkè. Ó ń wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni nígbà náà," ó sọ fún Bọ́lánlé jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo ti í pa. Èmi ni mo sá."

Àjàgbé pa ẹ́ńjìnnì. Ó lọ sí iwájú ọkọ̀, ó mú láílọ́ọ̀nù dúdú kan tó ti gbé síbẹ̀ láti àárọ̀ láìmọ̀ bóyá òun máa lò ó. Ó tú asẹ́ jáde nínú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Ògúnlẹ́yẹ, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìdá ẹnu dúró, àwọ̀n tó já, dúrọ́ọ̀mù omi, kòtò tó wà lẹ́yìn Ìba, yanrìn, àti àárọ̀ tó fọ pọ́ńpù nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù. Ó ní Bọ̀dá Gbádé kò sá, òun ni òun fún un ní yanrìn nígbà tó ń retí omi.

Ògúnlẹ́yẹ gbé asẹ́ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú kúrò lára Àjàgbé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Gbé kọ́kọ́rọ́ wá," ni gbogbo ohun tó sọ, Àjàgbé sì dìde sórí ìkúnlẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ti àpótí fún un.

Gbádébọ̀ ló wá súnmọ́ wọn. Kò lè di asẹ́ náà mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi imú kàn án lọ́wọ́ Ògúnlẹ́yẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àjàgbé ń retí kó ṣépè fún òun, ìyẹn ìbá sàn.

"Méjì ni mo jẹ nínú ẹja náà," Gbádébọ̀ sọ.

Ó nàró. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ Bọ́lánlé pé kó bá òun de bọ́tìnnì ẹ̀wù òun. Bọ́lánlé dè é lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, Àjàgbé sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi lọ.